Ọjọ́ Tí Mo Lọ Ra Fóònù ní Kùíìn Sínímà

Ṣùbúọlá ló fowó ránṣẹ́ láti Kánò,
ó ní, "Ẹ ju èyí tí ẹ fi rọ́bà dì yẹn nù, Ìyá mi."
Mo wọ mọ́tò ní Apẹ̀tẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
abẹ́rẹ́ ìránṣọ ṣì há sí àyà bùbá mi.

Kí n tó sọ pé ẹ kú ọjà,
Tìámíyù ti gba ọwọ́ ọ̀tún mi,
Ọlánipẹ̀kun ti gba tòsì.
Èyí ní tòun ní ojú mẹ́ta lẹ́yìn.
Mo ní, ojú mẹ́ta lẹ́yìn, ta ló ń ṣọ́?
Ìyẹn ní ebi kì í tètè pa tòun,
ó jẹ iná lẹ́ẹ̀kan, ó di ọ̀túnla.
"Tìẹ yẹn? Omi kàn án, ó kú!"
"Tìẹ ńkọ́, tó ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù!"
"Mọ̀mí, ẹ wo dígí yìí, ẹ wo bó ṣe ń dán!"
Mo wò ó. Ojú ara mi ni mo rí níbẹ̀,
ó gbó ju èyí tí mo bọ́ láàárọ̀ lọ.

Ti Ọlánipẹ̀kun ni mo rà. Ẹ má bèèrè ìdí.
Eyín iwájú rẹ̀ kan gùn lé èkejì,
bíi ti Ọládẹ̀jọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́kì.
Ọmọbìnrin kan jókòó sábẹ́ agboòrùn pupa,
ó bi mí léèrè ìlà tí mò ń lò. Mo sọ fún un. Ó pòṣé.
"Ní Apẹ̀tẹ̀ kẹ̀, Mà? Ìyẹn ò já geere níbẹ̀!"
Kò parọ́. Nínú yàrá mi, ìlà mi a dákẹ́ bí àna tó ń bínú.
Orí àkàbà ilé Bàbá Ráṣáàkì, tí wọn ò tíì kọ́ tán,
ni mo ti ń rí ọ̀pá kan, bí ọjọ́ bá dáa, méjì;
ibẹ̀ ni mo ń jókòó sí lálaalẹ́,
tí mò ń rán bọ́tìnnì, tí ẹ̀fọn ń jẹ mí.

Ó ní, "Nọ́ńbà yín ò ní sọnù, Mà,
ẹ ó kàn kó o wá sọ́dọ̀ wa,
bí obìnrin ṣe ń kẹ́rù lọ sílé ọkọ."
Mo ti na àtàǹpàkò sórí ẹ̀rọ
kí n tó rántí bèèrè:
nígbà tí ẹrù bá wà lójú ọ̀nà ńkọ́?
"Ó lè kú díẹ̀, Mà. Ó pẹ́ tán, ọjọ́ méjì."

Ọjọ́ méjì.

Ọdún kọkànlá rèé tí Ọládẹ̀jọ gbé báàgì ní Ìwó Róòdù,
tó ní bóun bá dé etí òkun, òun á pè.
Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló mọ̀ sórí. Èmi ni mo fi kọ́ ọ
bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní oríkì ilé,
òdo, ẹ̀jọ, òdo,
a máa ṣi èjì pè ní èje, n ó sì fà á létí.
Bó bá wá jẹ́ ní ọjọ́ méjì yẹn
ló rí fóònù yá lọ́wọ́ èèyàn kan ńkọ́?

Mo fa ìka mi padà, mo fi ìró nù ún.
"Mà, nẹ́tíwọ́kì yín ò dáa o."
Mo ní, mo mọ̀.

Síìmù àtijọ́ tóbi ju ihò ilé tuntun lọ.
Ọlánipẹ̀kun mú nǹkan bí ìpakátẹ̀ kékeré, ó ní òun fẹ́ gé etí rẹ̀.
Mo dijú. Mo gbọ́ ọ, kẹ́ṣẹ́.
"Ó ti wọlé, Mọ̀mí."

Ọ̀pá mẹ́rin! N ò rí mẹ́rin rí láyé mi.
Mo jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, n ò lọlé,
títí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn.
Ẹnì kan ṣoṣo ló pè.
Ṣùbúọlá ni, ó ń bèèrè bóyá kámẹ́rà rẹ̀ mọ́lẹ̀.